Ohun Tí Mo Fi Kàlẹ́ńdà Ìjọ Wa Bò

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Gbádé ọkọ mi ṣì wà láyé, ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Mátírọ̀nù tó gbà mí síṣẹ́ wà láyé. Sẹ̀gilọlá náà wà láyé, oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn ti lọ tán, ó ku èmi, ara mi sì ti ń sọ fún mi pé kò ní pẹ́ mọ́. Mi ò fẹ́ gbé òótọ́ yìí wọ sàréè. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ ni mo ṣe kọ ọ́, ẹ má wo ìkọ̀wé mi.

Láyé ìjọba ológun, agbálẹ̀ ni mí ní ọsibítù aládàáni kan ní Pápá Àjàó. Ọmọ mi Ọmọlará ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá ṣòfin pé kí gbogbo ọsibítù lẹ iye owó ìtọ́jú mọ́ ògiri, kí wọ́n má sì lé aboyún tó ń rọbí padà nítorí owó. Ọjọ́ tí àwọn ará ìjọba wá wò ó, Mátírọ̀nù ka ìwé iye owó tí a lẹ̀ mọ́ ògiri sókè fún wọn ketekete, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́. Bí wọ́n ṣe yíjú padà, ó ní, "Màmá Ọmọlará, kàlẹ́ńdà ìjọ yín yẹn dà? Ẹ fi bo nǹkan yìí, kí àwọn aláìsàn má bàa máa bá wa dúnàádúrà bí ẹni ń ra ata." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e kọ́. Láti ìgbà náà, bí àwọn ará ìjọba bá ń bọ̀, èmi ni mo ń ṣí i. Bí wọ́n bá lọ, èmi náà ni mo ń bò ó. Ẹ wo iṣẹ́ tí àgbàlagbà ń ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Sẹ̀gilọlá àti Túbọ̀sún ọkọ rẹ̀ dé láti Ìwáyà, ó ti ń rọbí. Mátírọ̀nù ní àfi kí wọ́n san ìlọ́po méjì iye tó wà lára ìwé kí òun tó fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà: owó ọwọ́ Túbọ̀sún tó iye ara ìwé yẹn, ó tún lé. Túbọ̀sún sáré jáde lọ yáwó sí i. Sẹ̀gilọlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fà mí láṣọ. "Màmá, wọ́n ní ìjọba ní kí wọ́n kọ iye owó sára ògiri. Ẹ bá mi wò ó, ẹ jọ̀ọ́." Òkè orí rẹ̀ gan-an ni kàlẹ́ńdà náà wà. Mo wo ojú Mátírọ̀nù, mo rò ó pé wọ́n á lé ọmọ mi. Mo ní, "Ọsibítù ìjọba nìyẹn, ìyàwó. Kò kan tiwa." Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀, mi ò kígbe pe ẹnikẹ́ni. Mo mú àkísà, mo ní, "Gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀." Ó gbé e. Mo nulẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Túbọ̀sún, bí o bá ṣì wà láyé, mo kúnlẹ̀, foríjì mí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú, ohun tí aláìsàn bá bi yín, tí ẹ sì mọ̀, ẹ sọ fún un, kódà bí ọ̀gá yín bá ń wò yín níran. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni Sẹ̀gilọlá kú lórí bẹ́ǹṣì, tòun ti ọmọ inú rẹ̀. Ara rẹ̀ ò tíì tutù tí Túbọ̀sún fi wọlé, tó ní, "Màmá, ẹ sọ fún wọn pé owó ti pé."