Oògùn Tòmíwá Kì Í Ṣe Ti Ṣadé

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe ọmọ mi léṣe. Halelúyà! Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni mo fẹ́ sọ o. Ẹ̀yin tí ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rẹ́rìn-ín kí n rí ọ̀rọ̀ mi sọ.

Ẹ mọ Ṣadé ọmọ mi, ọmọ ọdún méje. Lóṣù tó kọjá, ó jí láàárọ̀ Mọ́ńdè, ojú rẹ̀ wú. Mo rò pé ẹ̀fọn ni. Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò wa ní Pápá Àjàó ní: "Ìyá Ṣadé, kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti dà bíi búrẹ́dì!" Inú mi tiẹ̀ dùn pé ọmọ mi ń sanra. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, sálúbàtà rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín tán.

Mo pe Ìyá Tòmíwá. Gbogbo wa la jọ gbààwẹ̀ fún Tòmíwá lọ́dún tó kọjá nígbà tí ara rẹ̀ wú, tí wọ́n ní kíndìnrín ni, tí Ọlọ́run sì wò ó sàn. Kíá, arábìnrin yìí ti dé láti Ìpọ̀nrí, ó mú oògùn tó ṣẹ́kù nínú ti ọmọ rẹ̀ dání. Ó ní: "Àìsàn kan náà ni. Ẹ fún un ní méjì." Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn o, èmi náà ti bu omi sí kọ́ọ̀bù.

Nílé wa, a kì í lo oògùn láìgbàdúrà sí i. A pa ojú dé. Kí n tó ṣe àmín, Ṣadé fa aṣọ mi: "Mọ́mì, mo fẹ́ tọ̀." Ìyá Tòmíwá ní: "Ẹ jẹ́ kó lọ jàre, àdúrà tiyín kì í tètè tán." Omi ẹ̀rọ kò yọ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, a gbé póò funfun fún un. Ìtọ̀ náà kò ju díẹ̀ lọ, ó dúdú bíi tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí.

Ìyá Tòmíwá wo inú póò, ó kígbe: "Jésù! Èyí kì í ṣe ti Tòmíwá! Ti Tòmíwá mọ́, ó kàn ń hó bí omi ọṣẹ ni. Ẹ má fún un ní nǹkan kan!" Ó gba oògùn lọ́wọ́ mi, ó pọn Ṣadé bó ti tóbi tó.

Ní ọsibítù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ti ga. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú ìtọ̀. Dókítà ní: "Mọ́mì, ṣé ọ̀nà ọ̀fun dùn ún láìpẹ́, àbí ó ní egbò?" Mo rántí egbò ẹsẹ̀ tó ní ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, tí mo kàn ń fi ìpara pa. Ó ní ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Tòmíwá sọ ti ọmọ tirẹ̀ fún un, dókítà ní: "Asẹ́ kéékèèké ló wà nínú kíndìnrín. Ti ọmọ kejì yẹn, asẹ́ ń jo èròjà inú ẹ̀jẹ̀ dànù, ìyẹn ló ń mú ìtọ̀ hó. Ti ọmọ yín, asẹ́ fúnra rẹ̀ ló wú, ẹ̀jẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá, ìtọ̀ dín kù, ìfúnpá gòkè. Ojú àwọn méjèèjì máa wú, oògùn wọn yàtọ̀." Mo gba oògùn Tòmíwá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo fi hàn án. Ó mi orí. "Èyí lè tún ti ìfúnpá rẹ̀ sókè. Gìrì lè mú un."

Wọ́n dá wa dúró, wọ́n fún un ní oògùn tó ń múni tọ̀ àti ti ìfúnpá, wọ́n dín iyọ̀ àti omi rẹ̀ kù. Ẹ̀yin ń gbàdúrà níbí, èmi ń wọn ìtọ̀ sínú ife níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, kò pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ife kún, mo gbé òmíràn, ìyẹn náà kún! Mo bẹ̀rẹ̀ sí jó. Nọ́ọ̀sì ní: "Mọ́mì, ẹ rọra, ẹ máa dà á nù!"

A ti délé. Àyẹ̀wò ṣì kù, torí ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ṣì wà níbẹ̀, a ó sì máa lọ. Ẹ̀yin ìyá, bí ojú ọmọ bá wú láàárọ̀, ẹ wo ìtọ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má yá oògùn ọmọ ọlọ́mọ lò.

Ìyá Tòmíwá, ẹ wá dúró tì mí. Ṣadé, Tòmíwá, ẹ jáde. Ẹ wo ojú wọn, ẹ̀yin ará! Ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀, ẹ bá wa fi ògo fún Ọlọ́run tó wo olúkúlùkù wọn sàn pẹ̀lú oògùn tirẹ̀!