Iye Tí Ìbọn Ọkọ Mi Tọ́ Sí

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Àbúrò ọkọ mi ṣì ń kí mi láràárọ̀, ṣùgbọ́n kì í wọlé jókòó mọ́ láti ìgbà tí mo ti ta ìbọn. Mi ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, mi ò sì purọ́. Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí?

Ọdẹ ni ọkọ mi ní Ìlọrà níbí. Nígbà tí àìsàn mú un lọ, ohun tó fi sílẹ̀ kò ju oko ẹ̀gẹ́ àti ìbọn òyìnbó kan tí bàbá rẹ̀ ti lò kí ó tó kàn án. Kó tó kú ló ti sọ níwájú ẹbí pé kí a ta ìbọn náà, kí a fi owó rẹ̀ rán Mulíká, ọmọ wa kan ṣoṣo, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Kò sí ẹni tó ta kò ó. Iye tí a ó tà á ló di wàhálà.

Àbúrò rẹ̀ yìí, tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré, ló kọ́kọ́ wá. Ó ní òun yóò san pọ́n-ùn márùn-ún. Ó ní ìbọn náà ti gbó, pé igi ìdí rẹ̀ ti sán, wáyà ni wọ́n fi dì í. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Nínú ọkàn mi, mo ní ṣé nítorí pé mo jẹ́ obìnrin ni? Ni mo bá fi aṣọ wé ìbọn, mo wọ mọ́tò lọ sí Fìdítì, sọ́dọ̀ àgbà alágbẹ̀dẹ kan tó ń tún ìbọn àwọn ọdẹ ṣe.

Bàbá náà kò kánjú. Nígbà tó rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó gbé e sí ojú oòrùn, ó wo inú rẹ̀ títí. Ó fà á bí ẹni tó fẹ́ yìn ín, ó tẹ́tí sí bó ṣe dún, ó fi èékánná tọ ibi tó sán. Ó ní ọjọ́ orí kì í ba ìbọn jẹ́, ìpẹtà ló ń bà á jẹ́, inú èyí sì mọ́ tónítóní. Tuntun irú rẹ̀ ń lọ ní ogún pọ́n-ùn n'Ìbàdàn. Kí n yọ ti igi tó sán kúrò, kí n yọ ti ọta rẹ̀ tó ti ń ṣọ̀wọ́n kúrò, méjìlá ló kù. Mo bi í nípa márùn-ún. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó pè é ní márùn-ún lè fẹ́ rẹ́ ọ jẹ, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó ní nìyẹn." Nínú méjèèjì, ti àkọ́kọ́, pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ, nìkan ni mo gbé délé.

Ọdẹ kan láti Ìwàrè san méjìlá láìjanpata, a sì yí ìwé àṣẹ ìbọn sí orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tó gbé e lọ ni Bàbá Kékeré wá bá mi. Kò pariwo.

"Ìyá Mulíká, àgbàdo mi tí kò tíì gbó ni mo tà kí n tó rí márùn-ún yẹn. Ìbọn yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ mi ní ọdẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló ń fi ẹkún nájà?"

Mulíká ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà báyìí. Mo ti lọ sí Ìwàrè láti bẹ ọdẹ náà kó tà á padà, ó ní ìbọn náà ti mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Èmi ò tà á lọ́pọ̀, iye tó tọ́ ni mo gbà, síbẹ̀ mi ò rí i rà padà. Bí ẹ bá ní ohun òkú láti tà, ó dára kí ẹ mọ iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó na owó kékeré sí i léèrè ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Èmi ò béèrè.