Àpótí Tí Mo Gbé Pamọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó di ọdún mẹ́tàlá tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lábẹ́ ahọ́n mi, kò yọ́, kò sì ṣeé gbé mì. Ní oṣù tó kọjá ni mo ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìbàdí mi ṣẹ́, ohun tí mo sì gbọ́ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí. Ẹ ó rí i pé lẹ́tà mi tóbi, ó sì wọ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó mọ̀wé, ẹni tó sì kọ́ mi gan-an ni mo ṣẹ̀.

Iṣẹ́ mi ní ilé ìwòsàn ni títọ́jú yàrá iṣẹ́ abẹ. Èmi ni mo ń fọ ilẹ̀, èmi ni mo ń to ẹ̀wù àti ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ de àwọn dókítà. Ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó kúrú, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Títún eegun ṣe ló wù ú. Ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ eegun, ọkùnrin kan tó ga bí òpó iná, sọ fún un lójú gbogbo wa pé, "Abẹ́rẹ́, eegun kì í ṣe aṣọ tí à ń rán. Òòlù là ń wá níbí. Lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, kí ẹ jọ máa ṣeré." Ó dá a lóhùn wẹ́rẹ́: "Ẹ má bínú, sà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." A rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní òótọ́ ni ọ̀gá sọ.

Tábìlì iṣẹ́ abẹ wa ti gbó, irin tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ti dípẹtà, ó ti há sí ibi tó bá ìdúró ọ̀gá mu. Abẹ́rẹ́ ní kí káfíńtà kan àpótí pẹlẹbẹ kan fún òun tí òun yóò máa dúró lé. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára pé: MÁ GBÉ MI KÚRÒ NÍBÍ. Ọjọ́ kejì ni mo gbé e kúrò, mo fẹ́ gbálẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á." Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lójoojúmọ́ ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Gbólóhùn tó wà lára àpótí yẹn ni mo kọ́kọ́ kà láyé mi. Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí nọ́ńbà ara páálí ìbọ̀wọ́, títí mo fi ń ka ìwé ìròyìn.

Ọmọ àbúrò mi náà jẹ́ dókítà níbẹ̀. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Géńdé ni wọ́n ń pè é. Èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọdé ni òun fẹ́ máa tọ́jú. Ojú mi ló ṣe tí ìkókó tí apá nọ́ọ̀sì mẹ́ta kò ká sùn lọ fọnfọn lórí àyà rẹ̀. Síbẹ̀ mo ní, "Ọmọ wo ló máa rí ọ tí kò ní figbe ta? Ẹni tí Ọlọ́run fún ní irú apá yìí, eegun ló ní kó lọ tún ṣe." Ó ní, "Màmá, apá kọ́ ló ń wo aláìsàn." N kò gbọ́.

Àyè kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo fi orúkọ Géńdé sílẹ̀ nínú ọkàn mi, mo sì ń rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ìṣe ọ̀gá ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé ṣe iṣẹ́ abẹ kan níṣojú òun. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ kàn. Bíríkìlà kan ni aláìsàn, eegun itan rẹ̀ ló kán. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo gbé àpótí náà, mo sì bò ó mọ́lẹ̀ nínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo kó gbogbo ìbọ̀wọ́ kékeré pamọ́, mo fi ńlá nìkan sílẹ̀. Ẹ wo ìwà ìkà: nọ́ńbà tó kọ́ mi kà ni mo fi ṣe é.

Ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó gbé e sókè wọlé. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ tán, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, kò lè wá àpótí fúnra rẹ̀. Ó wo ìdí tábìlì. "Ìyá, àpótí mi ńkọ́?" Mo wò ó lójú kòrókòró. "N kò rí i, Dókítà. Bóyá káfíńtà ló gbé e lọ tún ṣe." Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Ìbọ̀wọ́ ń mì lórí ìka rẹ̀ bí ewé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, irin tí wọ́n fi ń di eegun mú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ró gbangan nílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ó tó." Ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Bíríkìlà yẹn rìn padà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ṣètò ibi, n kò rántí rárá pé ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ló wà lórí tábìlì.

Lọ́sàn-án, Abẹ́rẹ́ wá mi wá sí yàrá ìfọṣọ. Ó jókòó sílẹ̀, ó fara ti agbọ̀n tí àpótí wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bóyá ara mi ni kò gbà á." Ká ní mo la ẹnu mi níbẹ̀! Dípò bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ní, "Má sunkún, ọmọ mi. Kì í ṣe gbogbo aṣọ ló ń bá èèyàn mu." Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìyẹn ló burú jù.

Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Géńdé gba iṣẹ́ eegun, ó sì ń ṣe é bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Tó bá ń kọjá níwájú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ó máa ń dúró lójú fèrèsé.

Nígbà tí wọ́n gbé èmi náà lé tábìlì ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan tí kò ga tó Abẹ́rẹ́ ló wọlé wá tún ìbàdí mi ṣe. Kí oògùn oorun tó gbé mi lọ, mo gbọ́ tó ní, "Ẹ bá mi sún àpótí mi mọ́bí." Wọ́n sún un. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí.

Mo ti ka ìwé yìí fún Géńdé. Ó ní, "Màmá, ẹ tiẹ̀ bi mí wò rí?" N kò bi í. N kò bi ìkankan nínú wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ojú wọn iṣẹ́ fún ara yín, ẹ sì má gbà kí irú mi wọ̀n ọ́n fún yín.

Abẹ́rẹ́, Dókítà mi, olùkọ́ mi, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí tó kán. Dárí jì mí. Géńdé ni yóò gbé ìwé yìí àti àpótí náà wá fún ọ. Láti ọjọ́ náà ló ti wà lábẹ́ ibùsùn mi, ọ̀dà pupa náà ò tíì parẹ́. Gbé e sí ibi tó bá wù ọ́. N kò ní gbé e kúrò mọ́.