Ojú Wúrà Tí Mo Nù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi síbí. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi láti ayé ìjọba sójà tó ṣáájú èyí tó wà lórí oyè báyìí, nígbà tí nǹkan le koko, tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri. Mo ti gbé e mọ́ra títí, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ń bọ̀ wá rí mi lọ́jọ́ Àìkú, mi ò sì mọ ohun tí n óò sọ fún un.

Ní Ẹdẹ níbí, èmi àti Mùfútáù jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ọ̀gá wa gbé ẹ̀rọ kékeré kan bọ̀ láti òkè òkun. Sílíkọ́nì, irú èròjà tó ń wà nínú rédíò, ni wọ́n fi ṣe é, kò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ, wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi bo ojú rẹ̀. Òun ló máa ń mọ̀ bí ohun tín-ín-tìn-ín tí ojú ò lè rí bá ń kọjá. Iṣẹ́ tiwa ni ká fi ohun tí a ti mọ agbára rẹ̀ dán an wò, kó lè dá wa lójú pé kì í purọ́, kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ lò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Èmi ni mo máa ń tún ilé tí ìyàwó mi ti gbá tán gbá. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo rí eruku lójú ẹ̀rọ, mo sì fi aṣọ ìnujú mi nù ún. Wúrà bá aṣọ lọ. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ohunkóhun ò gbọdọ̀ kàn án! Mo rọra dé e padà.

Lọ́jọ́ kejì, Mùfútáù tan iná sí i, ẹ̀rọ ò dáhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló bú sẹ́kún pé iná tí òun fún un ló pọ̀ jù. Mo dákẹ́. Kò sí owó òkè òkun tí wọ́n máa fi ra òmíràn. Wọ́n dá Mùfútáù dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó burú jù ni pé mo bá a bẹ ọ̀gá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo ènìyàn sì rí mi. Láti ìgbà náà, bí Mùfútáù bá ti wa iṣu lóko rẹ̀ ní ìlú Ara, tèmi ló ń kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Mo ń jẹ ẹ́, ojú sì ń tì mí.

Ní báyìí, Ràmọ́tà ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ físíìsì, irú iṣẹ́ tí a ń ṣe nígbà náà. Orí ọmọ náà pé. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó wá bá mi:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin náà lẹ rí i bí mo ṣe ba nǹkan olówó ńlá jẹ́. Iṣẹ́ yẹn ò yẹ ìdílé wa."

Mo ní kó rán an wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, mo ti pàdánù ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, àti iyì tí mo ní láàárín ìlú. Bí mo bá sì dákẹ́, èmi ni n óò fi ẹnu ara mi sọ fún ọmọ Mùfútáù pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Á sì gbà mí gbọ́.