Ọkàn Ewúrẹ́ Ni Wọ́n Là, Wọn Ò La Ìwà Ọkọ Mi

Rárá o, Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, mi ò jókòó. Ẹ má fi àga yẹn lọ̀ mí. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì yín kí ẹ lè gbọ́ mi, àbí aṣọ ta ni ẹ ń rán tó ju ẹ̀mí ọkọ mi lọ? Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Port Harcourt, ẹ̀yin adájọ́ àgbà tí ẹ dájọ́ ní pálọ̀ mi, tí ẹ jẹ ìrẹsì mi tán, tí ẹ wá sọ ọmọ mi di ọ̀daràn!

Kí n rọra sọ̀rọ̀? Èmi Àkànkẹ́, kí n rọra! Ìgbà tí ẹ ń pariwo lé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lórí, ta ló ní kí ẹ rọra?

Ẹ jẹ́ ká tún un sọ, bóyá etí yín á là lónìí. Ogun parí, ilé ìwé ṣí padà, tíṣà wọn obìnrin, Ibiere, ọmọ Kalabari yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nípa ara ènìyàn. Lọ́jọ́ náà, ó ra ọkàn ewúrẹ́ wá láti ọjà Mile 3, ó gbé e sórí tábìlì, ó fi abẹ là á níwájú wọn. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn kéékèèké wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gba ibí wọlé, á gba ọ̀hún jáde. Ó ní bí ọkàn bá ti rẹ̀, tí kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ mọ́, ẹsẹ̀ olúwarẹ̀ á máa wú, kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ìrìn díẹ̀ báyìí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ẹni tó bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, kó tètè gbé e lọ ọsibítù. Ọláídé ọmọ mi ní gbogbo kíláàsì ń fi ọkàn ewúrẹ́ náà ṣẹ̀fẹ̀, òun nìkan ni omi ń bọ́ lójú òun. Ta ló rí nínú ọ̀rọ̀ yẹn bí kì í bá ṣe baba rẹ̀?

Ẹ̀yin náà rí Adébánjọ ọkọ mi! Ẹ rí i pé bàtà ò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó dìde láti kí yín, ògiri ló dì mú. Ẹ rí i, ẹ sì ń bu ìrẹsì.

Ni ọmọ bá sáré wọlé, ó bá ẹgbẹ́ ní ìjókòó. Ó ní, "Papa, abeg, make we go hospital." Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àbí ó ṣẹ̀ yín? Ẹ̀yin lẹ lu tábìlì, pé èdè wo nìyẹn, pé ọmọ Yorùbá kan ò ní sọ pìjín níwájú yín, kó fi èdè baba rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ tí mo bí sí Diobu, tó gbọ́ pìjín kó tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀! Ó wá Yorùbá kiri nínú ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Èyí tó rí ló mú jáde: "Bàbá mi, ọkàn rẹ kò dára. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì dáadáa."

Yéè! Ilé dàrú. Àkíbù, akọ̀wé yín, ní, "Ilẹ̀kùn wo?" Ẹ̀yin ní, "Ó ń sọ 'rẹ' sí baba tó bí i! Ó ní ìkà ni baba òun!" Àwọn kan ti ń wo kọ́kọ́rọ́ ilé Comfort tó wà lára ògiri wa, kọ́kọ́rọ́ tí obìnrin aládùúgbò wa yẹn fi lé ọkọ mi lọ́wọ́ nígbà tó ń sá fún ogun. Wọ́n ní àṣírí tú, pé ọkọ mi fẹ́ gba ilé onílé, pé ọmọ inú ilé ló mọ èrò baba.

Ọkàn kò dára! Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, nígbà tí ẹ bá dúró níwájú alápatà, tí ẹ ní kó gé ọkàn màlúù fún yín, ṣé ìwà màlúù ni ẹ ń rà? Ẹ gbé ìwà màlúù délé, ẹ fi ata sí i, ẹ jẹ ẹ́? Ó jọ bẹ́ẹ̀ o, nítorí mo ti rí ibi tó yọ sí lára yín.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò bá yín ṣeré.

Ẹ ní kí Ọláídé kúnlẹ̀ bẹ àgbà, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀, ó ní ohun tí tíṣà fi ọkàn ewúrẹ́ kọ́ òun lòun ń sọ. Ẹ ní ọmọ tó bá wọn la ọkàn ewúrẹ́ lónìí, ti baba rẹ̀ ni yóò là lọ́la. Mo gbé e mì. Àfi bí ẹ ṣe kọjú sí ọkọ mi, tí ẹ ní, "Adébánjọ, bí o bá fi lè lọ bá dókítà pé kó yẹ ọkàn rẹ wò, o ti jẹ́wọ́ nìyẹn." Ó ti jẹ́wọ́ kí ni? Bí ehín bá dùn yín tí ẹ lọ yọ ọ́, ẹ ti jẹ́wọ́ pé ẹ gé ènìyàn jẹ nìyẹn?

Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlá. Orí àga ló ń sùn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ojú ibẹ̀ jìn, kò padà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò ní fẹsẹ̀ ara òun rìn lọ sọ ara òun di ìkà. Ọmọ mi wá ńkọ́? Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, orí ló fi ń dá mi lóhùn báyìí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, pé bí baba òun bá kú, Yorùbá òun ló pa á. Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ mi kọ?

Ẹ ní kí ni? Ẹ máa pe ìpàdé? Ìpàdé! Ó di Sunday! Kí Àkíbù kọ́kọ́ ka ìwé ìpàdé tó kọjá, kí ọkàn ọkọ mi wá nawọ́ sókè, kó gbàṣẹ lọ́wọ́ alága kó tó mí?

Ó tì o. Ẹnu tó dì í ni yóò tú u. Solomon onítakisí wà níta, kò pa iná ọkọ̀. Ẹ ó bá mi lọ báyìí, ẹ ó sọ fún Adébánjọ pé ẹ̀yin lẹ ṣi ọmọ rẹ̀ gbọ́, ẹ ó di apá rẹ̀ kan mú, èmi ó di èkejì, a ó sì gbé e lọ ọsibítù. Bí ẹ bá kọ̀, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ yín yìí ni mo máa dùbúlẹ̀ sí, mo sì fẹ́ rí oníbàárà tó máa dá mi kọjá wá wọn aṣọ.

Ẹn-ẹn, ẹ dìde. Kí lẹ tún ń wá kiri? Fìlà? Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì! Ọkàn la fẹ́ kí wọ́n bá wa wò, kì í ṣe orí. Ká ní orí ni, ẹ̀yin là bá kọ́kọ́ gbé lọ!