Ohun Tó Wà Lára Kóòtù Mi

Ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi jáde, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ wà ní òdìkejì, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì dúró sójú fèrèsé. Dókítà sọ fún wa pé mẹ́kúrì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé òun ló ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní à ń yẹ omi wò ní láàbù iléeṣẹ́ omi ni. Ó ní ṣé a máa ń lo mẹ́kúrì níbẹ̀. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ọdún mọ́kànlá rè é tí mo ti gbé e mì, kò dà nínú mi. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Irọ́ ni mo pa fún dókítà yẹn. Iyọ̀ mẹ́kúrì tí a fi ń yẹ omi wò wà ní láàbù wa nínú ìgò kan, ọ̀dọ̀ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nínú rẹ̀ ń gbé. Ó funfun bí iyọ̀ ọbẹ̀, ó kàn wúwo ju bó ṣe yẹ lọ ni. Kò rùn, kò ta ni lójú. Ohun tó burú nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn, kì í kìlọ̀. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní òfin rẹ̀: kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́; kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n nínú àpótí onígíláàsì tí fáànù ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ síta; bó bá dà sílẹ̀, aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gbá a, torí eruku rẹ̀ ni yóò wọ imú; omi tí wọ́n bá fi ṣan ìgò, inú kẹ́ẹ̀gì alámì pupa ni, kò gbọdọ̀ gba ojú siǹkì lọ. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kóòtù funfun tí a ń wọ̀ ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ẹnikẹ́ni délé. Mo mọ òfin wọ̀nyí sórí bí mo ṣe mọ àdúrà tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé míṣọ́n. Ṣùgbọ́n ibi ìfọṣọ iléeṣẹ́ wa kò mọ aṣọ fọ̀. Bí kóòtù bá ti ọ̀dọ̀ wọn dé, á rún bí èyí tí màlúù jẹ tó tún pọ̀. Èmi sì fẹ́ràn kí aṣọ mi funfun báláú. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń ká a sínú báàgì, màá kó ìwé lé e lórí, màá gbé e wálé fún ìyàwó mi.

Kò sí ẹni tó mọ aṣọ lọ̀ bíi tirẹ̀. Á fi sítáàṣì sí i títí yóò fi lè dá dúró. Àwọn ará ibi iṣẹ́ sọ mí ní Ọ̀gá Funfun. Wọ́n á ní ṣé mo rántí pé iṣẹ́ ni mo wá, pé kì í ṣe ìgbéyàwó. Inú mi á máa dùn. Ẹ wo òmùgọ̀ àgbàlagbà. Nígbà kan náà, etí kóòtù yẹn ni mo fi ń nu ṣíbí tí mo fi ń bu iyọ̀ náà, nítorí pé ìwé ìnuwọ́ jìnnà sí mi, màá sì ti ṣíbí náà bọ àpò rẹ̀. Kí ìyàwó mi tó rẹ kóòtù sómi, á kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n mọ́ ògiri balùwẹ̀ wa tí kò ní ju fèrèsé kékeré kan lọ. Á yí àpò rẹ̀ síta, á fi ẹnu fẹ́ ẹ. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa mu tíì, màá máa wò ó. Ó ní bí aṣọ mi bá dọ̀tí, òun ni wọ́n á bú.

Ọdún kẹfà tó ti ń bá mi fọ kóòtù ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní ẹnu òun ń dà bí ẹnu ẹni tó ń lá ìṣó. Ojú rẹ̀ wú. Àwọn àmì tí mò ń kà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ́dọọdún ni mo ń gbọ́ lẹ́nu ìyàwó mi, mo ní kó lọ sinmi.

Lẹ́yìn tí mo ti parọ́ fún dókítà, ó ní mẹ́kúrì máa ń wà nínú àwọn ìpara kan tó ń mú ara pupa, ó ní ṣé ìyàwó mi ń pa irú rẹ̀. Gbogbo wa yíjú sójú fèrèsé. Ìpara ni àbúrò ìyàwó mi ń tà. Dídán ni ìyàwó mi máa ń pè é, torí ara rẹ̀ tó ń dán. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gba ìpara láìsan kọ́bọ̀. Dídán ní òun kì í ta ìpara tó ń bóra, ṣùgbọ́n òun ra ọjà ni, òun kò bá wọn pò ó. Ìyá wọn wò mí.

“Àna mi, ẹ̀yin lẹ mọ ìdí nǹkan wọ̀nyí. Ẹ bá wa gbé ìpara yìí lọ síbi iṣẹ́ yín. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ sọ fún wa.”

Mo gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, ìpara náà mọ́. Mo wá gbọn àpò kóòtù mi sínú abọ́ kékeré kan, mo yẹ ìyẹn náà wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kíá ló fi hàn pé mẹ́kúrì wà níbẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Mo ro ipò mi. Mo ro ohun tí wọ́n máa pè mí. Mo padà délé ìwòsàn, mo ní, “Ó wà nínú ìpara náà.”

Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí n tún un yẹ̀ wò, pé àbúrò òun kò lè fún òun ní ohun tí Dídán fúnra rẹ̀ kò lè fi para. Mo ní mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Òótọ́ ni. Ẹ̀wù òtítọ́ ni irọ́ mi wọ̀. Dídán kò jiyàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà mí gbọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìyàwó mi kú, ó béèrè ẹni tó ń bá mi fọ kóòtù. Mo ní ibi iṣẹ́ ni. Ó wò mí títí, ó ní, “Ẹ má gbé e wálé mọ́.” Ó yíjú sí ògiri. Mi ò béèrè ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá wọn ní ojú òun àti ojú Dídán kò gbọdọ̀ ṣe mẹ́rin mọ́. Dídán fọ́ gbogbo ìgò ọjà rẹ̀, ó lọ ń gbálẹ̀ nílé ìwé kan. Kò fi òróró kankan para mọ́ láti ọjọ́ náà. Ara tó ń dán tẹ́lẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Mo máa ń rí i lójú pópó, màá gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lóṣù tó kọjá, ìyá wọn kú. Ìta géètì ni Dídán dúró sí lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹnì kan nínú ẹbí ní kó wọlé wá fọwọ́ kan ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tó ní, “Ọwọ́ tó pa ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè fi kan màmá.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Bùọ̀dá, kí lẹ ń ṣe yìí? Ẹ dìde.” Mi ò dìde títí mo fi sọ ọ́ tán, kóòtù, àpò, ìpara tó mọ́. Ó bi mí pé:

“Ẹ mọ̀ látọjọ́ náà?”

“Mo mọ̀.”

“Wọn ì bá ti bá mi sọ̀rọ̀,” ó ní. “Màmá. Wọn ì bá ti bá mi sọ̀rọ̀.”

Kò ṣépè fún mi. Ì bá sàn kó ṣépè náà. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ mi, ohunkóhun tí wọ́n bá fi mí ṣe, mo gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láàbù, ẹ̀yin ni mo kọ eléyìí sí. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ òfin ni iyọ̀ yìí ń tipa ọwọ́ rẹ̀ pa èèyàn. Èmi tí mò ń kọ́ni ni. Ẹ bọ́ kóòtù yín síbi iṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ yára sọ, kí ẹlòmíì má bàa fi ẹ̀mí rẹ̀ san án. Dídán, mo ń bẹ̀ ọ́, mi ò sọ pé dandan ni kí o gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ ro koríko tó bo ibojì ìyàwó mi. Mo ti ń bá a lọ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Dídán ni, ó mú ọkọ́ tirẹ̀ dání. Kò kí mi. Ó ní, “Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ibí yìí sílẹ̀ fún mi.” Mo sún. Ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.