Ohùn Màmá Eduvina Lórí Sípíkà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará ìlú wa, èmi Yamile, olùtọ́jú ilé ìkàwé yín, ni mò ń sọ̀rọ̀. Pọ́díkáàsì ti ọ̀sẹ̀ yìí kò ní polówó ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti oṣù kẹjọ, bí n kò bá pọ̀ ọ́ jáde lónìí, yóò pa mí.

Ẹ rántí pé ìjọba fẹ́ ti ilé ìkàwé pa nítorí pé ẹ kì í wá. Èmi ni mo dá a lábàá pé ká máa ṣe pọ́díkáàsì, ká fi polówó kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà. Ẹni tó ní dátà á gbọ́ ọ lórí fóònù. Ẹni tí kò ní, Fadá Nicanor á gbé e sí sípíkà orí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí gbogbo yín bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá ta kọfí lọ́jà. A ṣe é lẹ́ẹ̀méje, èèyàn mẹ́rin péré ló wá. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, torí n kò níṣẹ́ mìíràn láyé yìí.

Ọjọ́ kan ni Màmá Eduvina, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, tú àṣírí ara wọn nínú kíláàsì. Wọ́n ní, "Yamile ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi ń di ìwé àdúrà mú ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mò ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Ọkọ mi kú, kò mọ̀ pé n ò mọ A. Bí ọmọ mi bá kọ lẹ́tà láti ìlú Medellín, màá ní ojú ń dùn mí, kí aládùúgbò bá mi kà á." A rẹ́rìn-ín, Màmá fúnra wọn náà rẹ́rìn-ín. Fóònù mi wà lábẹ́ ìwé, ó ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó jí ohùn arúgbó, bí kì í bá ṣe olè?

Arnulfo, ọ̀dọ́kùnrin òṣìṣẹ́ wa tó ń bá mi tún ohùn ṣe, gbọ́ ọ. Ó ní, "Àǹtí Yamile, ṣé Màmá mọ̀?"

Mo ní, "Mi ò dárúkọ wọn, kí lo tún fẹ́?"

"Háà! Ta ni ò mọ ohùn Màmá nílùú yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ná."

Mo lé e nídìí ẹ̀rọ, mo fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Fadá fúnra mi.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Màmá ń ra arepa, àkàrà àgbàdo wa, lọ́wọ́ nígbà tí ohùn wọn bú jáde lókè ṣọ́ọ̀ṣì. Alápatà kan pariwo pé, "Eduvina, ṣé ìwé àdúrà yẹn ò dorí kodò ṣá?" Ọjà hó yeee fún ẹ̀rín. Màmá fi arepa sílẹ̀, wọ́n bo ojú, wọ́n ń sáré lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ọ̀rọ̀ Màmá bá tiwọn mu wá forúkọ sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi aláìnítìjú.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. "Ta ló ṣe èyí fún mi?" Arnulfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo nawọ́ sí i, mo ní, "Òun ni, mà." Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Irọ́ tèmi ni gbogbo yín rà. Ìjọba lé e lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi lé e.

Láàárọ̀ yìí mo kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba. Wọ́n á lé mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Arnulfo, àbúrò mi, mo kúnlẹ̀ fún ọ, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí, ẹ bi èèyàn kí ẹ tó gbé ohùn rẹ̀ jáde. Bó bá ní rárá, ẹ jẹ́ kí ilé ìkàwé ṣófo.

Màmá Eduvina, ẹ ò tíì wá látìgbà náà, ẹ ò sì tíì mọ̀ ju lẹ́tà M lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá sí kíláàsì. Èmi ò ní sí níbẹ̀ mọ́.